Ohun Tí Fulgence Sọ Nípa Ojú Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Ẹnu ni Fulgence Aubertin fi ba ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́. Kò jí ohunkóhun nílé rẹ̀, kò gba ìyàwó rẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ lé e. Ó kàn jókòó ní ọ̀sán gangan, ife wáìnì wà níwájú rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó má sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀, nítorí ọ̀nà náà tẹ́jú, ó sì dùn ún rìn.

Ayàwòrán ni Fulgence. Ọmọ Grenoble ni, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń rán ìbọ̀wọ́ awọ fún àwọn ọlọ́lá. Bàbá fẹ́ kó jókòó ti iṣẹ́ ìbọ̀wọ́, ọmọ ní Paris lòun ń lọ, àwòrán lòun fẹ́ máa yà.

"Ó dáa, máa lọ," ni bàbá wí. "Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé àwòrán rẹ kọ́ sí Àfihàn Ńlá ti ìjọba, màá wọ ẹ̀wù tí mo fi gbé ìyá rẹ níyàwó, màá wá wò ó. Kó tó di ọjọ́ náà, má jẹ́ kí n gbọ́ pé o sọ fún aládùúgbò kankan pé ayàwòrán ni ọ́."

Láyé ìgbà náà, ayàwòrán tí kò bá tíì wọ Àfihàn Ńlá dà bí ẹni tí wọn kò tíì bí. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọọdún, tọmọdé tàgbà wọn a ru iṣẹ́ wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́. Èyí tó bá wu àwọn àgbà wọ̀nyí, wọ́n á gbé e kọ́. Èyí tí kò bá wù wọ́n, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i lẹ́yìn pé àwọn kọ̀ ọ́, wọ́n á sì ní kí onínǹkan wá gbé nǹkan rẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn kì í parẹ́. Àwọn àwòrán Fulgence tó ti gba irú rẹ̀ ti ga lógiri bí ìgànná, gbogbo wọn kọjú sí ògiri.

Ẹni tí ó máa ń mú un rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ náà ni Isidore Carmet.

Isidore àti Noémie ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní òkè ilé kan ní Batignolles, Fulgence sì háyà iyàrá tó kọjú sí tiwọn. Noémie a máa fi aṣọ àti wáyà ṣe òdòdó tí àwọn obìnrin ń fi sí fìlà, òun ló sì ń bọ́ ilé nígbà tí àwòrán ọkọ rẹ̀ kò bá tà. Ọbẹ̀ àlùbọ́sà kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń jẹ, àfi ìgbà tí Noémie bá ń bínú sí Fulgence pé ó jẹ gbogbo ṣíìsì tán.

Isidore kì í ya àwòrán nínú ilé. Etí odò ló ń lọ, àárín pápá ló ń lọ, bí òjò ń rọ̀, bí yìnyín ń bọ́. Kì í fi ọ̀dà dúdú ya òjìji. Ó ní òjìji kò dúdú, pé kí èèyàn wò ó dáadáa, àwọ̀ aró ni yóò rí. Ó kọ́ Fulgence ní gbogbo èyí, Fulgence sì gbà á gbọ́. Tọkàntọkàn ló gbà á gbọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tó ṣe burú tó bẹ́ẹ̀.

*

Ní etí odò Seine, lápá Chatou, ni Isidore ti sọ àṣírí rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ya àwòrán nínú oòrùn. Isidore fẹ́ da òróró sínú ife kékeré tó fi ń po ọ̀dà, ó dà á sórí koríko. Ó tún un dà, orí koríko náà ló tún lọ.

"Ọtí wo lo mu láàárọ̀ yìí?" Fulgence bi í.

Isidore kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìgò náà sílẹ̀.

"Ojú mi ọ̀tún ni. Ó ti ṣe díẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń wo ayé láti inú ife tí wọ́n mu wàrà tán nínú rẹ̀ tí wọn ò fọ̀."

"O ti rí dókítà?"

"Mo ti rí i. Ó ní ó lè dúró síbi tó wà, ó sì lè má dúró. Ojú òsì ṣì mọ́ gaara, òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Noémie mọ̀ pé ojú ń dùn mí. Ìwọ náà ti wá mọ̀ báyìí. Jọ̀ọ́, Fulgence, kó parí síbẹ̀. O mọ ohun tí àwọn oníwèé ìròyìn ń sọ nípa àwọ̀ tí à ń lò. Bí èyí bá dé etí wọn, wọ́n á ní ohun tó fà á nìyẹn."

"Ẹnu mi ti di ẹnu òkú."

"Mi ò ní kí o kú," Isidore dáhùn. "Ṣáà ti panu mọ́."

Wọ́n jọ jẹ búrẹ́dì, wọ́n sì tún mú búrọ́ṣì wọn.

*

Ní ìgbà òtútù ọdún náà, Isidore àti àwọn ayàwòrán mélòó kan tí òǹtẹ̀ ti sú wọn pinnu pé àwọn yóò ṣe àfihàn tiwọn. Wọn yóò háyà iyàrá ńlá lókè ilé ìtajà kan, wọn yóò gbé iṣẹ́ wọn kọ́, kí ará ìlú fúnra wọn wá wò ó. Kò ní sí adájọ́ kankan. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bá ara wọn dá májẹ̀mú lé lórí: ẹni tó bá bá wọn ṣe é kò gbọ́dọ̀ tún gbé nǹkan lọ sí Àfihàn Ńlá lọ́dún náà.

"A ò lè máa bú onílé ká tún máa kanlẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́yìn," Isidore wí. Gbogbo wọn gbà. Fulgence náà gbà, ó na ọwọ́ sókè ju ti ẹlòmíràn lọ.

Àwòrán kan sì wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ìyá kan ló yà síbẹ̀, ó ń sunkún lórí ibojì ọmọ rẹ̀ tó kú sógun. Gbogbo rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi tíì, òjìji ibẹ̀ sì ṣú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Fulgence mọ̀ pé òun kò gba ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé irú rẹ̀ gan-an làwọn adájọ́ fẹ́ràn. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó dúró kí Isidore àti Noémie jáde, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e lọ síwájú àwọn adájọ́ Àfihàn Ńlá.

Bó ṣe ń jáde níbi tó gbé e sí ni ọkùnrin kan fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Gaspard Lhermier lorúkọ rẹ̀. Ìwé ìròyìn ló ń kọ, ọ̀rọ̀ àwòrán ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá kọ láàárọ̀, òun làwọn èèyàn máa ń sọ bí èrò ara wọn tó bá di ìrọ̀lẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Aubertin, mo mọ̀ ọ́. Jẹ́ kí n fi ife kan ṣe ọ́ lálejò."

Ta ni yóò kọ̀? Fulgence kò rí ẹni pàtàkì kankan tó dá orúkọ rẹ̀ mọ̀ rí.

Wọ́n jókòó sídìí fèrèsé ilé kọfí kan. Òjò ń wẹ gíláàsì náà. Lhermier bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wo Fulgence bí ẹni tó ti ń wá a tipẹ́.

"Ọwọ́ rẹ dáa," ó wí. "Mo ti ń ṣọ́ ọ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni àwọn tí ò ń bá kiri."

"Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, ọ̀gá."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àgùntàn tó bá ajá rìn, o ṣáà mọ ohun tó máa ń jẹ."

Fulgence rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Carmet yẹn ńkọ́?" Lhermier ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ń bu wáìnì fún un. "Mo rí igi kan tó yà. Igi aláró. Àgbà ni mí, Ọ̀gbẹ́ni Aubertin, mi ò rí igi aláró rí láyé mi."

"Bó ṣe rí lójú rẹ̀ ló ń yà á, ọ̀gá. Ó gbà á gbọ́."

"Lójú rẹ̀." Lhermier rọra tún un wí. "Ṣé ojú rẹ̀ dá ṣáṣá?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló yẹ kó tẹ̀ lé e: Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ọdún méjì lè sọ ọ́. Fulgence la ẹnu láti sọ ọ́, ó gbé ife sẹ́nu dípò rẹ̀, ó sì gbé ife náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi láti sọ," ó wí.

Ẹni tó bá ti ní ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe tòun láti sọ ti sọ ọ́ tán.

Lhermier kò fi ipá bi í. Ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní òun máa ń bá àwọn kan nínú àwọn adájọ́ jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, pé wọ́n máa ń bi òun léèrè pé ta ló tún ń bọ̀ lẹ́yìn nínú àwọn ọ̀dọ́. "Mi ò ṣèlérí o," ó wí. "Èmi kì í ṣèlérí. Mo kàn ní bí mo bá dárúkọ ẹnì kan, wọ́n máa ń wo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì." Ó wá mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ti ẹni tí àánú ń ṣe. "Ti ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ló ń dùn mí. Mo ti fẹ́ kọ nǹkan tó le nípa rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò yá, ó yẹ kí n mọ̀, kí n má baà ṣẹ̀ ẹni tí Ọlọ́run ti ń bá jà."

Bí àánú ṣe gba ẹnu ọ̀nà wọlé nìyẹn, tí Fulgence fi rò pé oore lòun ń ṣe. Ó sọ ti ojú ọ̀tún. Ó sọ ti dókítà. Ó sọ ti òróró tó dà sórí koríko. Ó sì fi ti ife wàrà kún un, nítorí ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì fẹ́ kí ọkùnrin ńlá yìí mọ̀ pé òun mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, láàárín àwa méjèèjì ni o."

"Láàárín àwa méjèèjì ni," Lhermier wí, ó sì pe agbọ́tí kó tún bu òmíràn wá.

Nígbà tí Fulgence délé, Noémie ti gbé oúnjẹ pa mọ́ dè é. "Wá jẹun, aláìníṣẹ́," ó wí. "Isidore ní ká má fọwọ́ kan ṣíìsì títí o fi máa dé." Fulgence ní òun ti jẹun níta, ó sì wọ iyàrá rẹ̀ lọ. 

*

Àfihàn tiwọn ṣí nígbà tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Isidore wọ kóòtù tí Noémie tún rán. Ọ̀gbẹ́ni Poussard, oníṣòwò wáìnì kan láti Bercy, ti ṣèlérí pé òun yóò ra àwọn àwòrán odò rẹ̀ fún iyàrá ìjẹun òun, pé òun á wá sanwó wọn lọ́jọ́ náà. Noémie ti ń sọ̀rọ̀ iyàrá tó ní fèrèsé ńlá, tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti máa wọlé dáadáa fún ọkọ rẹ̀.

Èrò wá. Èrò pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Fulgence fi kíyè sí nǹkan kan. Àwọn èèyàn ń wọlé pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ apá, wọ́n ń wá igun kan náà lọ, igun Isidore. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan fi fìlà bo ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Háà, ó ti yé mi wàyí. Bẹ́ẹ̀ lèèyàn ṣe ń wò ó." Ìyàwó rẹ̀ náà fi abẹ̀bẹ̀ bo ojú kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́, igun náà kún fún àwọn ọlọ́lá olójú kan tó ń rẹ́rìn-ín.

Isidore dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kò yé e. Ó tilẹ̀ ń bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí àlejò tí kò gbọ́ èdè.

Ọ̀gbẹ́ni Poussard dé. Ó kí Isidore, kò wo ojú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Carmet, mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má bínú. Àwọn tó ń wá jẹun nílé mi ń ka ìwé ìròyìn. Bí mo bá gbé e kọ́, wọ́n á ní iṣẹ́ afọ́jú ni mo rà."

"Iṣẹ́ afọ́jú?" Isidore wí.

Poussard na ìwé ìròyìn sí i, ó yára lọ. Isidore gbé e súnmọ́ ojú, lẹ́tà náà kéré fún un. Noémie gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á sókè. 

"Ẹ má ṣe bínú sí Ọ̀gbẹ́ni Carmet bí igi rẹ̀ bá rí bí aró. Ẹ káàánú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ti ń kú. A gbọ́ láti ẹnu ẹni tó súnmọ́ ọn pé ńṣe ló ń wo ayé láti inú ife tí wọ́n mu wàrà tán nínú rẹ̀ tí wọn ò fọ̀. Àwòrán tuntun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: àìsàn ni, kì í ṣe ọgbọ́n."

Ó ká ìwé ìròyìn náà. Àwọn ayàwòrán yòókù ti kóra jọ sọ́dọ̀ wọn.

"Dókítà ni," Fulgence wí.  "Dókítà yẹn ló sọ ọ́. Gbogbo wọn ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀."

"Mi ò sọ ti ife wàrà fún dókítà," Isidore wí.

"Èmi gan-an kò gbọ́ ọ rí," Noémie wí. "Inú ìwé ìròyìn ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ojú ọkọ mi ṣe ń rí i."

"Bóyá ẹnì kan wà létí odò lọ́jọ́ yẹn. Àwọn apẹja. Ẹ ò rántí pé apẹja wà níbẹ̀?"

 Isidore ń wò ó lásán. Fulgence rí i pé ó ṣì fẹ́ gba ti apẹja náà gbọ́, pé bí òun bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú agbára, ó máa gbà á. Ó sì fẹ́ sọ ọ́. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́.

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn kan ti wá.

"Aubertin. Mo ti ń wá ọ kiri."

Lhermier ló ń bọ̀, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn èèyàn ń là fún un. Inú rẹ̀ dùn. Kò wo Isidore rárá, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú.

"Mo kí ọ kú oríire. Wọ́n ti gbà á. Ìyá ọmọ ogun rẹ ti wọ Àfihàn Ńlá. Mo ní mi kì í ṣèlérí, àbí mi ò sọ fún ọ? Inú mi dùn pé a jọ mu wáìnì yẹn." Ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó kọjá lọ sí iyàrá kejì.

 Àwọn olójú kan yẹn ṣì ń rẹ́rìn-ín níwájú, ṣùgbọ́n ní ibi tí Fulgence dúró, èèyàn lè gbọ́ bí aṣọ Noémie ṣe ń dún bó ti ń rìn. Ó lọ síbi ògiri, ó já àwòrán Fulgence méjèèjì sílẹ̀, àwọn tó yà létí odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó fi ìwé ìròyìn náà wé wọn, ó kó wọn lé e lọ́wọ́.

"Kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ọ."

"Noémie, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Jẹ́ kó ṣàlàyé," Isidore wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Fulgence, ìbéèrè kan péré. Àwòrán tí wọ́n gbà yẹn, ṣé ó dáa?"

Fulgence wo ilẹ̀. Ì bá rọrùn fún un bí Isidore bá gbá a létí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lápá bí olè tí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀.

*

Bàbá wá láti Grenoble. Ó wọ ẹ̀wù ìgbéyàwó rẹ̀ lóòótọ́, ó ti fún un lọ́rùn. Ní Àfihàn Ńlá, àwòrán bo ògiri láti ilẹ̀ dé àjà, wọ́n sì gbé ìyá ọmọ ogun kọ́ sókè pátápátá, lórí ilẹ̀kùn, níbi tí òkùnkùn àti eruku pàdé. Àwọn èèyàn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Lhermier kò kọ ìlà kan nípa rẹ̀. Fulgence kò sì mọ̀ títí dòní bóyá ọkùnrin náà tilẹ̀ dárúkọ òun fún ẹnikẹ́ni, tàbí bóyá àwòrán náà ì bá wọlé fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé lásán ló ta ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Bàbá na ọrùn, na ọrùn.

"Mi ò rí i dáadáa," ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n tìrẹ ni. O ṣeun, ọmọ mi." Ó nu ojú rẹ̀. Ó wá wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún. "Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ dà? Ẹni tí ẹ jọ ń jẹun, tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe òdòdó. Mo mú ìbọ̀wọ́ kan wá fún obìnrin náà."

"Wọ́n ti kó lọ, Bàbá."

"Kí ló lé wọn?"

Fulgence ní ojú ọjọ́ Paris ni kò bá wọn lára mu. Bàbá kó ìbọ̀wọ́ náà fún un, ó ní kó bá òun fi ránṣẹ́ sí i.

Kò fi ránṣẹ́ sí i. Ó kàn ń wo ìbọ̀wọ́ náà lórí tábìlì ni, títí ara rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Nígbà ooru, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí abúlé kan létí odò Oise, níbi tí ẹnì kan sọ pé òun rí Isidore.

Noémie ló bá lẹ́nu géètì. Wáyà òdòdó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ́.

"Kí lo wá gbà?"

"Mo wá tọrọ àforíjì. Bàbá mi ní kí n kó èyí fún ọ."

Ó wo ìbọ̀wọ́ náà. "Bàbá rẹ kò ṣẹ̀ mí," ó wí, ó sì gbà á. "Ọkọ mi wà lẹ́yìn ilé. Mi ò ní dá ọ dúró, ṣùgbọ́n má retí pé màá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Isidore jókòó sábẹ́ igi, ó ń ya àwòrán. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ àwòrán tó ń kùn. Ó ti rù. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ Fulgence kó tó bojú wẹ̀yìn.

"Jókòó," ó wí.

Fulgence kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sínú koríko, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: òjò, ilé kọfí, wáìnì, àánú Lhermier, bó ṣe rẹ́rìn-ín, bó ṣe fẹ́ fi apẹja bo ara rẹ̀. Kò fi ohunkóhun pamọ́. 

Isidore ti gbé búrọ́ṣì rẹ̀ sílẹ̀.

"Dìde, orúnkún rẹ á tutù. Mo ti rò ó pé bó ṣe rí nìyẹn. Ti Poussard ti kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tó fi fìlà bojú náà, mo ti gbàgbé wọn. Wọ́n ti ń fi wá rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó gbọ́ ti ojú mi." Ó nu ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ sára koríko. "Ohun tó kù rèé. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá rí aró, mo mọ̀ pé aró ni. Ojú òsì mi mọ́, mo gbà á gbọ́. Látìgbà tí wọ́n ti kọ ìyẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá bu aró, mo máa ń bi ara mi pé: odò ni àbí àìsàn? Mi ò mọ̀ mọ́. Ìdajì ọjọ́ ni mo fi ń jókòó tí mi ò lè fọwọ́ kan aṣọ. Ìyẹn lo mú lọ, Fulgence. Mi ò sì mọ bí o ṣe fẹ́ dá a padà."

Fulgence ń sunkún. Isidore jẹ́ kó sun ún. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí òdìkejì odò, sí ilé kan láàárín àwọn igi.

"O ṣì ní ojú tó dáa. Bá mi wo òrùlé yẹn. Àwọ̀ wo ni?"

Fulgence nu ojú rẹ̀. Ó wo òrùlé náà bí kò ṣe wo ohunkóhun rí láyé. Ó wò ó títí, ó fẹ́ kí ohun tó máa sọ pé pérépéré.

"Pupa ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí òjìji igi bọ́ sí, aró ló wà níbẹ̀. Ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lọ sí àwọ̀ àlùkò."

Isidore mi orí. Ó mú búrọ́ṣì, ó gbé e súnmọ́ ọ̀dà aró. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó gbé ohùn sókè.

"Noémie."

Noémie jáde láti inú ilé.

"Bá mi wo òrùlé yẹn lódìkejì. Àwọ̀ wo ni?"

Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó wò ó.

"Pupa. Aró díẹ̀ wà nísàlẹ̀."

"O ṣeun," Isidore wí. Ó ti búrọ́ṣì bọ ọ̀dà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn ún.

Fulgence dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó ní kó máa lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kó dúró. Òótọ́ ló sọ. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, lórí òrùlé lásán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ní láti lọ wá ẹlẹ́rìí sí i.